Reservoir, táǹkì, àbí kànga: kí ni mò ń sanwó fún gan-an?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí apá Aṣérò. Èmi fúnra mi ò sí nílé, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò ìyàwó mi ló ń bá mi dúró ti àwọn oníṣẹ́. Pọ́lọ́ńbà kọ ìwé owó ránṣẹ́, ó kọ "reservoir" sí i, iye tó fi síwájú ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó táǹkì. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé kan náà, mo tún rí táǹkì méjì. Mo pè é, mo ní ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Ó ní rárá o, pé reservoir ni ilé omi, táǹkì kàn jẹ́ táǹkì. Àbúrò ìyàwó mi ní adágún dáàmù Ọ̀yán ni wọ́n ń pè ní reservoir, pé ọkùnrin yẹn fẹ́ fi òyìnbó gba owó lọ́wọ́ mi ni. Bàbá tó nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n gbẹ́ kànga, kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Èsì mi

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ohun tí owó yín máa rà.

Ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa omi mọ́ di ìgbà tí wọ́n máa lò ó ni òyìnbó ń pè ní reservoir. Adágún ńlá tó wà lẹ́yìn dáàmù Ọ̀yán, reservoir ni. Ilé kọnkéré oníbòrí tí àwọn ilé-iṣẹ́ omi máa ń kọ́ sórí òkè kí omi lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ ṣàn lọ bá àdúgbò, òun náà ni. Mẹkáníìkì tó ń bu omi sínú ìgò ike ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ yín, reservoir ló ń pe ìgò yẹn, kò sì ṣìwí. Kódà àwọn oníṣègùn ń lò ó fún eku tí kòkòrò àrùn Lassa ń gbé lára ẹ̀ láìpa á.

Nítorí náà, tí pọ́lọ́ńbà bá kọ reservoir, kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́nu àwa oníṣẹ́ níbí (pọ́ǹpù àti táǹkì ni iṣẹ́ tèmi, ní Adátán), ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni, tí wọ́n fi irin àti kọnkéré kọ́, tí wọ́n rẹ́ ẹ nínú dáadáa, tí wọ́n fi dẹ́kì bò, tí wọ́n wá dá ẹnu kékeré sí lókè. Omi ẹ̀rọ tàbí omi táńkà á wọ inú ẹ̀, pọ́ǹpù á fà á gòkè lọ sínú táǹkì. Ohun tó fẹ́ ṣe fún un yín nìyẹn, ìdí nìyẹn tí táǹkì fi tún wà nísàlẹ̀ ìwé. Kì í ṣe olè.

Àmọ́ ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lítà mélòó ló máa gbà? Ibo ni omi máa gbà wọ̀ ọ́? Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ibo ni èèyàn máa gbà wọlé, ibo ni ìdọ̀tí máa gbà jáde? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìkẹta yẹn, kò kọ́ ọ rí.

Fún ìṣirò: mítà méjì àbọ̀ ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, méjì ní jíjìn, lítà 10,000 nìyẹn. Ẹ wọn inú, ẹ má wọn ìta, torí ògiri ń jẹ àyè.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì sísàlẹ̀ pé mo ń ba èdè jẹ́, pé reservoir gbọ́dọ̀ tóbi, pé ní Ìlú Ọba adágún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ihò ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé tí ẹ bá dárúkọ ẹ̀ fún ará ibẹ̀, adágún ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ẹnjiníà wọn náà ní "service reservoir", ilé kọnkéré oníbòrí náà ni. A ò lè torí ìyẹn dá iṣẹ́ dúró. Owó ilé ni ọkùnrin yìí ń bi wá.

* * *

Lórí bóhóòlù

Èrò tó pọ̀ jù nínú èsì yín nìyí: "Gbẹ́ bóhóòlù, kó o bọ́ lọ́wọ́ wàhálà." Àwọn mẹ́fà tàbí méje ló sọ ọ́, àwọn kan ò tiẹ̀ fi ìdí kankan tì í.

Èmi ò gbà. Lábẹ́ Abẹ́òkúta, òkúta líle ló pọ̀ jù, irú tí ẹ ń rí ní Olúmọ àti káàkiri òkè wọ̀nyẹn. Òkúta bẹ́ẹ̀ kì í gba omi sára. Ohun tó bá wà níbẹ̀, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí òkúta ló wà, tàbí inú sísán tó la òkúta kọjá. Ẹni tí irin ẹ̀ bá bá sísán pàdé, omi dé. Ẹni tí kò bá bá a pàdé, mítà 60 á lọ, ìyẹ̀fun òkúta ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò yín fi lè máa ta omi, tí tiyín tí ẹ gbẹ́ sí ìdojúkọ ẹ̀ á máa fẹ́ atẹ́gùn. Odò kan ò ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tó ń dúró dè yín, bí àwọn agbẹ́ bóhóòlù ṣe máa ń fẹnu sọ ọ́.

Ẹ má gbẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò wá ṣe é kọ́kọ́. Owó ìyẹ̀wò kéré sí owó gbígbẹ́ lọ́nà tó jìn. Kí ẹ sì bá agbẹ́ ṣe àdéhùn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí omi, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, mítà ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta omi.

Kànga bàbá onílé yẹn ńkọ́? Ẹ bi bàbá bóyá ó ń gbẹ ní oṣù kejì. Tí kò bá gbẹ, ẹ yọ̀ fún un, àmọ́ ẹ béèrè ibi tí sókàwéè ẹ̀ wà, ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà wọ ilẹ̀. Ìlànà tí wọ́n máa ń fún wa ni pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tàbí ṣáláńgá ní mítà 30, ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, mítà 18 sí 36 ni. Ẹ gbé sókàwéè sí igun kan, ẹ gbé kànga sí igun kejì tó dojú kọ ọ́, agbára káká ni ẹ fi máa rí 30 yẹn. Tí ẹ bá wá rí i, sókàwéè ará ẹ̀yìn odi á wà ní mítà márùn-ún. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní àdúgbò tí ilé ti kún, kó kọ́kọ́ lọ kí àwọn aládùúgbò ẹ̀.

* * *

Ìyá kan láti apá Ìbarà ní ihò kọnkéré abẹ́ ilẹ̀ ló gbà òun. Omi ẹ̀rọ máa ń wá sí àdúgbò wọn lóru, kò lágbára tó lè gun táǹkì tó wà lókè, ṣùgbọ́n ó ń rọra ṣàn wọ inú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti kún. Ẹ ṣeun, ìyá. Àpẹẹrẹ tó dára jù nìyẹn fún ìgbà tí iṣẹ́ yìí bá wúlò: omi ń wá, kò lágbára, ilẹ̀ sì ṣeé gbẹ́. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ẹ má jiyàn, ẹ kọ́ ọ.

Ọkùnrin tó fèsì tẹ̀lé e ní òun ò nílò ihò kankan, pọ́ǹpù òun ló ń fa omi tààrà láti ara páìpù ìjọba. Ọ̀gá, ẹ yọ ọ́. Páìpù àdúgbò ti jò níbi tó pọ̀, gọ́tà sì ń ṣàn lórí ẹ̀. Nígbà tí omi bá ń tì láti inú páìpù, ìdọ̀tí ò lè wọlé. Nígbà tí pọ́ǹpù yín bá wá ń fa, ohun tó wà lẹ́yìn páìpù ló ń fà mọ́ ọn. Ẹ ń mu gọ́tà àdúgbò, ẹ sì ń pín in fún àwọn ará ilé kejì. Kí omi kọ́kọ́ ṣàn wọ inú nǹkan kan fúnra ẹ̀, kí pọ́ǹpù tó fọwọ́ kàn án.

* * *

Táǹkì ńlá àti agbára omi

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dìjà. Ẹni mẹ́ta ti ní kí ará Aṣérò ra táǹkì lítà 5,000 kí omi lè "tì dáadáa" ní ṣáwà.

Títóbi táǹkì ò kan agbára omi. Gíga ló kàn án. Mítà mẹ́wàá ló ń fún yín ní báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó). Táǹkì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fi mítà mẹ́ta ga ju ẹnu ṣáwà lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá báà ló ń fún yín, yálà ó gba lítà 500 tàbí 5,000. Ẹ gbé 5,000 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ máa fi garawa wẹ̀. Ẹ gbé 500 sórí òkè, ṣáwà yín á lu yín lórí, àmọ́ omi á tètè tán. Tí omi ò bá ti tì níwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ wo páìpù kí ẹ tó gbé ìdúró ga sí i: ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fi páìpù tín-ín-rín àti ẹ́líbò mẹ́jọ pa agbára tó wà níbẹ̀.

Ẹ sì rántí ìwọ̀n. Lítà omi kan, kílò kan. Táǹkì lítà 2,000 tó kún, tọ́ọ̀nù méjì ló gbé rù. Mo ti rí irin ìdúró tó ti dípẹtà ní ìsàlẹ̀ tí onílé kùn ní àwọ̀ tuntun, tó ní ó ti dára. Ẹ fi òòlù kékeré kan àtẹ́lẹsẹ̀ irin yẹn lọ́dọọdún. Tó bá dún bí agolo, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣeré lábẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó béèrè bóyá wọ́n lè ri táǹkì ike dúdú mọ́lẹ̀ dípò kọnkéré: ẹ má ṣe é. Ìdúró lórí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí omi inú ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, yẹ̀pẹ̀ á fún un wọlé. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ bá mu omi yó, ó lè léfòó jáde kó já gbogbo páìpù. Irú táǹkì ike tí wọ́n ṣe fún rírì mọ́lẹ̀ wà, ara ẹ̀ nípọn, ó ní egungun. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì.

* * *

A tún ti ya Ọ̀yán

Àbúrò kan bínú: "Ẹ gbà pé Ọ̀yán ni reservoir, ẹ ò wá sọ ìdí tí a fi ń ra omi nígbà tí irú adágún bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa."

Ìbéèrè gidi ni. 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù yẹn, nígbà Shagari. Wọ́n ṣe é kó lè gba nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 270. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ni ín. Omi tó bá jáde níbẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, inú odò Ògùn yìí náà ni ẹ̀rọ omi Arakanga ti ń fa èyí tó ń fọ̀ mọ́ fún Abẹ́òkúta, òun náà ni Èkó ń fà ní Akute. Kì í ṣe tiwa nìkan.

Àmọ́ omi tí wọn ò tíì fọ̀ mọ́ ni, ẹ gbọ́ mi. Omi odò. Kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ yín, wọ́n ní láti fà á, kí wọ́n mú kí ẹrẹ̀ ẹ̀ rì, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n pa kòkòrò inú ẹ̀, kí wọ́n wá fi iná tàbí dísù tì í gun àwọn òkè wọ̀nyí. Ẹ ka iye òkè tó wà láàárín odò àti Aṣérò. Adágún lè kún bámúbámú, kí iná má sí ní ẹ̀rọ omi, kí páìpù kan bẹ́, kò sí omi. Wọ́n tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta sí dáàmù náà, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 9, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà nìyí, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Tí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, adágún á fẹ́ kún àkúnya, wọ́n á ṣí géètì. Àwọn ará Ìṣẹrì, Warewa àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ń fojú rí i. Ẹ gbọ́ tí wọ́n bá ń kéde pé wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀, ẹ má rò pé ìròyìn rédíò lásán ni.

Àwọn tí wọ́n kó kúrò lábúlé nígbà tí wọ́n ń ṣe dáàmù tún wà, tí wọ́n tún wọn tẹ̀ dó sí etí adágún. Omi ìdúró fa ìgbín kékeré, ìgbín fa àtọ̀sí ajá, àwọn ọmọdé ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníwádìí ti kọ nípa ẹ̀ léraléra láti ìgbà náà. Oògùn praziquantel wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọmọ tó tún wọ inú omi náà lọ́la á tún kó o. Ẹ jẹ́ ká padà sí Aṣérò.

* * *

Dúrọ́ọ̀mù, tanwíjí, álọ́ọ̀mù

Ìyá aláró kan láti Ìtòkú fi wá ṣẹ̀sín pé a ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin lòun fi ń ṣan àdìrẹ láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge, pé nínú ilé ìyá òun, àmù méjì tó fún gbogbo agbo ilé.

Mo júbà, ìyá. Àmù ò sì ní alátakò nínú omi mímu: omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara ẹ̀ jáde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, ooru ń bá a lọ, ohun tó kù nínú ẹ̀ á tutù láìsí iná. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń ṣe: wọ́n ń da ìsàlẹ̀ ẹ̀ nù, wọ́n ń fi kànìnkànìn ha inú ẹ̀, wọ́n ń fi ọmọrí bò ó. Táǹkì tí ẹ fi sórí òkè, ìgbà wo lẹ ti yọjú sí i?

Èmi wọ inú ihò kọnkéré kan ní Ìdí-Àbà. Ẹrẹ̀ pupa tó dé kókósẹ̀, ọmọńlé méjì tó ti funfun, ṣíbí tíì kan, àti ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Onílé dúró sókè, ó ń bi mí bóyá ìyẹn ló fà á tí aṣọ funfun wọn fi ń pọ́n. Ìdérí ihò ò bá ẹnu ẹ̀ mu ni, gbogbo àgbàrá tó bá gba kọ́ńpáùǹdì kọjá ń wọlé. Ẹnu ihò gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, bíi gíga búlọ́ọ̀kù kan, kí ìdérí ẹ̀ sì bò ó kọjá etí bí ọmọrí ìkòkò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rán ọmọṣẹ́ wọlé: ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wọlé, kí ẹnì kan dúró lókè pẹ̀lú okùn, kí ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí inú tàbí sí ẹnu ẹ̀ torí àtifa omi jáde. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn kì í rùn rárá, á kàn dá èèyàn dùbúlẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé òkú jáde nínú irú ihò bẹ́ẹ̀.

Lórí dúrọ́ọ̀mù: aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ bi wọ́n ohun tó ti wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin aláró mọ̀ pé kẹ́míkà aró bíi kósítíìkì àti háídírọ́sì náà máa ń wá nínú ike tó dára lójú. Ẹ fi ṣan aṣọ, ẹ má fi pa omi mímu mọ́. Dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ò bò, bíi ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀fọn fi ń ti inú ẹyin di abìyẹ́. Tí ẹ bá ń rí tanwíjí tó ń jó nínú ẹ̀, omi yín ti pẹ́ jù. Ẹ dà á sídìí ewébẹ̀.

Táǹkì tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé máa ń hu ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé nínú. Èyí tó dúdú kì í ṣe torí ẹwà.

Ẹni tó sọ pé álọ́ọ̀mù nìkan ti tó fún gbogbo ẹ̀: álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ kó lè rì ni. Kì í pa kòkòrò. Omi lè mọ́ gaara kó ṣì fún yín ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ sè é títí tó fi máa hó yaya, tàbí ẹ fi bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà sí i: èyí tí wọ́n bá kọ ìdá 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára, ẹ̀kán méjì fún lítà omi tó mọ́ kan, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ka ara ìgò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló lágbára bákan náà.

* * *

Òjò

Ẹnìkan ní kí gbogbo wa máa gba omi òjò, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo gbà dé ààbọ̀.

Mílímítà òjò kan lórí àyè tó jẹ́ mítà kan sí mítà kan, lítà kan ni. Ilé yín, ká ní òrùlé ẹ̀ bo mítà 12 sí 10. Òjò tó bá rọ̀ dé mílímítà 10 á fún yín ní lítà 1,200. Ẹ yọ èyí tó ta dànù kúrò, ẹ ka 1,000. Òjò méjì bẹ́ẹ̀ kún táǹkì 2,000. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ẹ lè má ra omi ìfọṣọ rárá.

Àmọ́ ẹ ka ẹ̀ẹ̀rùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ lítà 50 sí 100 fún èèyàn kan lóòjọ́. Ká mú 50, ká ní ẹni mẹ́fà ló wà nílé: 300 lóòjọ́. Ihò lítà 10,000 tó kún ní ọjọ́ tí òjò dáwọ́ dúró á tán ní bíi oṣù kan. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé reservoir máa gbé yín la ẹ̀ẹ̀rùn já láìsí ibòmíì tí omi ń gbà wọ̀ ọ́, ẹ ní kó ṣe ìṣirò yìí lójú yín.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Eruku oṣù mẹ́ta àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀ wálẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ tí páánù wọn ti pọ́n kuku, irú èyí tí ẹ ń rí tí ẹ bá gun Olúmọ tí ẹ wo ìsàlẹ̀, omi wọn á yí aṣọ padà. Tí ó bá jẹ́ òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti ń fọ́, ẹ má gbà á fún mímu.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá

Ó ní: "Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní kí àbúrò ìyàwó mi gbẹ́ ibi tí pọ́lọ́ńbà tọ́ka sí wò. Ó bá òkúta ní ibi tí kò tó orúnkún. Ó gbẹ́ ibòmíì, bákan náà. Pọ́lọ́ńbà ní kò sí wàhálà, pé àwọn tó ń fọ́ òkúta wà, kí n kàn fi owó kún un. Páìpù ìjọba gba iwájú ilé kọjá, wọ́n ní omi máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi kún un.

Fífọ́ òkúta láti rí ihò tó jìn ní mítà méjì, owó tó máa ra táǹkì mélòó kan nìyẹn, ẹ ò sì mọ sísán tí òòlù wọn máa dá sí ìdí fáúńdéṣọ̀n yín. Ẹ lo òkúta yẹn. Ẹ gbé táǹkì kan tó tóbi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú, níbi tó rẹlẹ̀ jù, lórí kọnkéré pẹrẹsẹ tí wọ́n dà sórí òkúta náà. Kí táǹkì náà jẹ́ èyí tó fẹ̀ tí kò ga, torí pé bí ẹnu ọ̀nà omi bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni omi aláìlágbára yẹn ṣe máa rí i wọ̀ tó lóru. Kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró sí ẹnu ẹ̀ kó má baà máa ṣàn dànù nígbà tí gbogbo yín bá ń sùn. Pọ́ǹpù kékeré orí ilẹ̀ á fà á lọ sí àwọn táǹkì méjì tó wà nínú ìwé yín. Ẹ sì kọ́ ìdúró wọn sí ẹ̀yìn ilé. Ìdúró kúkúrú ti tó, ilẹ̀ ti bá yín gbé e ga.

Ojú kan náà ni táńkà á máa já omi sí tí omi ẹ̀rọ bá kọ̀. Bí ẹ bá ń gba òjò, ibẹ̀ náà ni kí páìpù òrùlé wá, kí wọ́n dá ẹsẹ̀ kan sí i tí ẹ máa fi yí òjò àkọ́kọ́ dànù.

Pọ́lọ́ńbà lè máa pè é ní reservoir, kò burú, òun náà ni. Kó ṣá yọ owó gbígbẹ́, owó irin àti owó dẹ́kì kúrò nínú ìwé.

Ẹ tún bi mí bóyá kí ẹ ra ẹyọ kan lítà 2,000 fún òkè dípò méjì oní 1,000, torí pé owó ẹyọ kan dín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá ń fọ ọ̀kan, èkejì á máa fún ilé lómi, tó bá sì la, ìdajì omi ló máa lọ. Àmọ́ ìyẹn ò ṣeé ṣe àyàfi tí fáàfù bá wà ní ẹsẹ̀ táǹkì kọ̀ọ̀kan, tí páìpù ìfọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ka ìwé owó tí ẹ gbé síbí lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ bọ́ọ̀lù, ó kọ gọ́ọ̀mù, ó kọ owó ọkọ̀. Kò kọ fáàfù kankan. Ẹ ní kó kọ ọ́ sí i kó tó gba àsansílẹ̀.